Ṣúgà Tí Ò Dùn: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ará Iléṣà Sọ

Ọjọ́ Sátidé ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Iléṣà. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ dúró létí fèrèsé, ẹ wọlé jàre, àyè ṣì wà níwájú. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà sì ti kọṣẹ́, torí náà gbogbo àwòrán mèremère tí mo kó wá láti fi hàn yín lára ògiri, ẹ ò ní rí i mọ́. Kò burú. Ṣebí wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná ròko. Ẹ fi oríkì yẹn sápò o, a ṣì máa lò ó.

Nǹkan méjì ni mo mú dání. Èkíní, ṣúgà onígun kan, mo rà á láwìn lọ́wọ́ ìyá oní-tíì tó wà lẹ́nu géètì, torí wọn ò ní ṣéńjì, mo sì ti ṣèlérí pé tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán màá san án. Èkejì, sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀rítírómáísììnì kan, oògùn tó ń gbógun ti bakitéríà, tí mo rà ní kẹ́mísì.

Ẹ jẹ́ n bi yín: nínú méjèèjì, èwo ni ṣúgà wà nínú ẹ̀? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti jẹ́ kí ẹ̀rítírómáísììnì yọ́ sórí ahọ́n rí mọ̀ pé ewúro ò kan nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá mi àgbà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, wọ́n máa ń fi ọmọ odó fọ́ ọ sí méjì, wọ́n ní odidi ti pọ̀ jù fọ́mọdé, wọ́n á wá fi ẹ̀kọ gbígbóná sìn ín fún mi, kíkorò ẹ̀ á wà lọ́nà ọ̀fun mi di ìrọ̀lẹ́. (Ẹ má fọ́ ọ o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan bò ó lára ni, torí omi kíkan inú ikùn máa ń ba oògùn yẹn jẹ́ kó tó débi iṣẹ́. Àwa ò mọ̀ nígbà yẹn.)

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Inú oògùn kíkorò yẹn, ṣúgà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ desosamine, èkejì ń jẹ́ cladinose. Ẹ ò lè rà wọ́n lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, kò sí wọn nínú ìrèké, kò sí wọn nínú oyin. Tí ẹ bá yọ ṣúgà méjèèjì kúrò lára oògùn yẹn, ìyókù ò lè pa kòkòrò kan. Ta ló wá fi ṣúgà sínú ewúro, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Ohun tí mo bá wá nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe é, inú ilẹ̀ ló ń gbé

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko, ẹ rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń rùn tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn yẹn tó máa ń ṣe aboyún míì bíi kó bu erùpẹ̀ jẹ. Nǹkan kan tó ń jẹ́ geosmin ló ń rùn bẹ́ẹ̀, àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ló sì ń ṣe é, pàápàá ìdílé tí wọ́n ń pè ní Streptomyces. Wọn ò jọ bakitéríà tó rí roboto tí ẹ̀ ń rí nínú ìwé, ńṣe ni wọ́n ń ta bí òwú wẹ́wẹ́ nínú ilẹ̀.

Nígbà tí mo wà níléèwé mo bu erùpẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyá mi, lábẹ́ kókò níbẹ̀, mo dà á sínú abọ́ kékeré tí a fi ń gbin bakitéríà, mo sì gbé e wá sí yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọdé ẹ má fi mí ṣàwòkọ́ṣe. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan èèhù funfun kékeré yọ lójú abọ́, ó dà bí ẹ̀fun tí wọ́n kù síbẹ̀, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wọlé, ó gbóòórùn, ó ní, «Ṣé òjò ti wọlé ni?» Kò sí òjò. Oṣù Jánúárì ni, ọyẹ́ ń jà.

Irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rítírómáísììnì ti wá. Lọ́dún 1949, dókítà kan ní Filipíìnì, Abelardo Aguilar, bu ilẹ̀ ní ìlú Iloilo, ó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí bakitéríà kan nínú ẹ̀, Saccharopolyspora erythraea ni wọ́n ń pè é lónìí, mọ̀lẹ́bí Streptomyces ni. Nígbà tó fi máa di 1952 oògùn ẹ̀ ti wà lórí àtẹ, Ilotycin ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìlú Iloilo ni wọ́n gé síbẹ̀. Ẹ wò ó, ká ní ilẹ̀ ibí ni wọ́n bù ni, bóyá Iléṣàmáísììnì là bá máa gbé mì. Èmi ò bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wa wá wúrà jà o, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, àmọ́ ó máa ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá rí i tí wọ́n ń fi omi ṣan erùpẹ̀ dànù.

Oògùn míì wà tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Ẹ rántí àwọn tó máa ń gbé ọ̀pá dání wá sábúlé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró ti ọ̀pá, bí ẹ bá ṣe ga tó ni iye hóró oògùn tí wọ́n máa fún yín? Mectizan nìyẹn, fún àrùn tí kòkòrò etí odò máa ń fi fọ́ni lójú. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù kan ní Japan ni Satoshi Ōmura ti rí bakitéríà tó bí i, lọ́dún 2015 wọ́n fún òun àti William Campbell ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣúgà méjì ló wà lára ìyẹn náà, oleandrose lorúkọ wọn. Àwa tí baba ńlá wa lọ bu omi òkun wá torí ojú baba ẹ̀, ìtàn oògùn ojú ò lè ṣàjèjì sí wa.

Òṣómàáló

Ó dáa, kí ni ṣúgà ń ṣe lára oògùn? Ẹ̀yin àgbà ni kẹ́ ẹ bá mi dáhùn: ta ni Òṣómàáló? (Ariwo sọ, gbogbo wọn ló fẹ́ dáhùn.) Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìjẹ̀ṣà á kó aṣọ lọ sílùú onílùú, á tà á láwìn, tó bá wá dọjọ́ owó á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, ó ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Kò jà, kò pariwo, ó kàn lóṣòó síbi tí onílé máa gbà kọjá ni, onílé ò lè jáde, àlejò ò lè wọlé.

Iṣẹ́ ẹ̀rítírómáísììnì gan-an nìyẹn. Nínú bakitéríà tó ń dá wa láàmú, ẹ̀rọ kan wà tó dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ráíbósóòmù lorúkọ ẹ̀, òun ló ń ṣe purotéènì, ihò tóóró kan sì wà lára ẹ̀ tí purotéènì máa ń gbà jáde bó bá ṣe ń ṣe é lọ. Oògùn yìí á wọnú ihò yẹn, á lóṣòó. Purotéènì tó ń bọ̀ ò ní rọ́nà gbà, iṣẹ́ á dúró, bakitéríà ò ní lè dàgbà mọ́.

Kí ló fi ń di ibẹ̀ mú tí wọn ò fi lè tì í dànù? Desosamine ni. Nínú ihò yẹn lẹ́tà kan wà, A, ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà RNA tó wà lára ráíbósóòmù, ipò 2058 ni wọ́n máa ń kà á sí, ibẹ̀ gan-an ni ṣúgà yẹn máa ń di mú. Tiwa èèyàn ńkọ́? G ló wà nípò yẹn nínú ráíbósóòmù tiwa. Òṣómàáló dé ẹnu ọ̀nà wa, ó wò ó, kì í ṣe ilé ajigbèsè òun, ó bá tiẹ̀ lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Tí mo bá rántí i ara mi máa ń bù máṣọ.

Ilé ni wọ́n ti ń múná ròko

Ẹ mú oríkì yẹn jáde lápò wàyí.

Iyán tí ẹ jẹ láàárọ̀ yìí, glúkóòsì ló so kọ́ra wọn nínú ẹ̀. Ṣúgà ọwọ́ mi yìí, ìdajì ẹ̀ glúkóòsì ni, ìdajì tó kù fructose. Bakitéríà inú ilẹ̀ náà, glúkóòsì lóúnjẹ ẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ ṣe ṣúgà oògùn kì í wá nǹkan àjèjì kiri, glúkóòsì tó wà nílé náà ló máa bù díẹ̀ nínú ẹ̀ tá á fi ṣe é. Ilé ló ti ń múná ròko.

Ẹ na ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ fi ìka kan kún un látọwọ́ kejì. Ó di 6. Kábọ́ọ̀nù 6 tó wà nínú glúkóòsì nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ nínú ìka yẹn, ọ́síjìn àti haidirójìn wà níbẹ̀ bí òrùka. Àwọn òrùka yẹn ló jẹ́ kí ṣúgà fẹ́ràn omi, òun ló fi ń yọ́ nínú tíì wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ bakitéríà ni kó bọ́ àwọn òrùka kan, kó sì fi nǹkan míì pààrọ̀ òmíràn. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àbí? Kò rọrùn rárá o, òrùka yẹn ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pinpin.

Á kọ́kọ́ so okùn mọ́ kábọ́ọ̀nù 1, bíi tewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ́jà. Lẹ́tà T tó wà nínú DNA wà lára okùn yẹn. Gbogbo ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì òṣìṣẹ́ inú bakitéríà, tó bá máa ṣiṣẹ́ lára ṣúgà yìí, okùn yẹn ni wọ́n máa dì mú, torí ṣúgà fúnra ẹ̀ kéré, ó ń yọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ́ńsáìmù kejì ni èmi fẹ́ràn jù. Ó yá haidirójìn kan lára kábọ́ọ̀nù 4, ó gbé e fún nǹkan kan tó ń jẹ́ NAD pé kó bá òun dì í mú. Bó ṣe yá ìyẹn báyìí, òrùka orí kábọ́ọ̀nù 6 tú, ó bọ́ lọ bí omi. Ó bá gba haidirójìn ẹ̀ padà lọ́wọ́ NAD, ó fi dí ojú ibi tí òrùka ti bọ́ lórí 6. NAD ò jèrè, NAD ò pàdánù, ó ti ṣetán fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin ìyá alájọ, ẹ rí i bẹ́ẹ̀? Wọ́n yá a, wọ́n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹ pè é ní Ẹ̀rẹ́jà, oríta ìlú yín níbí. Bí ẹ bá ti dé Ẹ̀rẹ́jà, ọ̀nà tó wù yín lẹ lè yà sí. Látibẹ̀ ni ọ̀nà desosamine ti yà, ibẹ̀ lọ̀nà cladinose ti yà, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà daunosamine, ìyẹn ṣúgà tó wà lára oògùn pupa tí wọ́n ń fà sí alárùn jẹjẹrẹ lára, ti yà, àti vancosamine tó wà lára vancomycin, antibáyótíìkì míì. Oríta kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ọ̀nà desosamine ni ká tẹ̀ lé. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń lo fítámì B6 á gbé náítírójìn sórí kábọ́ọ̀nù 4. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wo desosamine tí wọ́n ti ṣe tán kò ní rí náítírójìn kankan lórí 4, orí 3 ló máa bá a. Níbo lèyí àkọ́kọ́ wá lọ? Ẹ́ńsáìmù míì ló yọ ọ́ dànù! Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́ ni. Ó kọ́kọ́ jọ mí lójú bí iṣẹ́ ọ̀lẹ, àfìgbà tí mo rántí bíríkìlà. Bíríkìlà á kan igi mọ́ ara ògiri, á gùn ún, á rẹ́ ògiri òkè, tó bá tán á tú igi yẹn, ẹni tó bá wá kó sílé náà lẹ́yìn ọ̀la ò ní mọ̀ pé igi kankan débẹ̀ rí. Náítírójìn orí 4 ni igi bíríkìlà. Nígbà tó ń lọ ló fi kábọ́ọ̀nù 4 sílẹ̀ lófìfo, láìní òrùka láìní nǹkan kan, tí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ lórí 3 fún náítírójìn tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á so methyl méjì (methyl kan ni kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú haidirójìn mẹ́ta) mọ́ náítírójìn orí 3 bí ìlẹ̀kẹ̀, ó parí.

Ẹ́ńsáìmù tó ń tú igi yẹn, DesII, irin àti sọ́fọ̀ ló wà láàárín inú ẹ̀, atẹ́gùn tí à ń mí yìí sì máa ń bà á jẹ́. Inú àpótí tí wọ́n ti lé ọ́síjìn kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a ṣiṣẹ́. Hung-wen Liu àtàwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ ní Texas ló tú ọ̀pọ̀ nínú ìdí ọ̀rọ̀ yìí, lára Streptomyces venezuelae. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé inú agbo ilé kan ni gbogbo àwọn jíìnì tí bakitéríà fi ń ṣe àwọn ẹ́ńsáìmù yìí ń gbé nínú DNA ẹ̀, wọ́n fara tira. Tí o bá ti rí ilẹ̀kùn ọ̀kan, kan ilẹ̀kùn kejì.

Cladinose ní ọ̀nà tiẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ mọ̀: nígbà tí wọ́n gbé e sórí oògùn kò tíì pé, mycarose ló ṣì ń jẹ́. Ìgbà tó jókòó tán ni wọ́n tó fi methyl kan dé e lórí bí fìlà, tó wá di cladinose. Gbígbé sórí yẹn gan-an níṣẹ́ nínú. Ẹ́ńsáìmù tó máa gbé desosamine sórí oògùn ò lè dá a ṣe, ó gbọ́dọ̀ ní olùrànlọ́wọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí olùrànlọ́wọ́ ò bá sí níbẹ̀ iṣẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ọ̀bẹ àti èèkù

Ọmọbìnrin kan níwájú níbí ti ń na ọwọ́ látàárọ̀, mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí. Bakitéríà tó ń ṣe oògùn yìí, ṣé òun náà ò ní ráíbósóòmù ni? Ó ní. Ṣé kò sí A nípò 2058 tiẹ̀? Ó wà. Kí ló dé tí kò pa ara ẹ̀? Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tiwa nílé máa ń gé wa lọ́wọ́, àbí kì í gé yín?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbé e gbà. Èyí tó ti Iloilo wá, ńṣe ló fi methyl lé A ti ara ẹ̀ lórí, ibẹ̀ wá yọ gọnbu, òṣómàáló ò ríbi lóṣòó sí. Streptomyces venezuelae, tí oògùn míì tó ń ṣe náà ní desosamine lára, ní ọgbọ́n tiẹ̀, èyí ló dùn mọ́ mi jù. Tó bá ti ṣe oògùn tán, á mú glúkóòsì kan, glúkóòsì lásán, irú èyí tó wà nínú ṣúgà tíì yìí, á so ó mọ́ desosamine, oògùn bá sùn lọ. Ó tì í pa pẹ̀lú àgádágodo. Á wá gbé e sọ síta. Níta ni ẹ́ńsáìmù míì, DesR, wà tó ń dúró dè é, òun á gé glúkóòsì yẹn kúrò, oògùn á jí. Kọ́kọ́rọ́ ò sí nínú ilé, ìta ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń bí mi nínú. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ yẹn, ti methyl orí A, àwọn bakitéríà tó ń fa àìsàn náà ti ní in. Lọ́jọ́ kan mo wọ kẹ́mísì kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀rítírómáísììnì, ẹni tó ń tajà ò bi mí pé ta ni kò yá, ohun tó bi mí ni pé, «Mélòó lẹ fẹ́?» bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Ẹnì kan tó dúró tì mí ra hóró méjì fún ọ̀fìnkìn. Ọ̀fìnkìn ò tiẹ̀ ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Hóró méjì yẹn á pa àwọn aláìlágbára tó bá bá nínú ara, àwọn tó ní methyl lórí A á jókòó, ilé á wá kù fún wọn.

Ìbéèrè

Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá gbogbo antibáyótíìkì ló ní ṣúgà. Rárá o. Ampicillin ò ní, tẹtirasáíkílìnì inú kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò náà ò ní. Azithromycin ní, torí ara ẹ̀rítírómáísììnì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ṣúgà méjèèjì ṣì wà lára ẹ̀. Streptomycin náà ní, ìyẹn tí Albert Schatz rí ní láàbù Selman Waksman lọ́dún 1943, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun ikọ́ ife.

Bàbá kan béèrè bóyá alátọ̀gbẹ lè lò ó níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ṣúgà. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn sà, ṣúgà inú ẹ̀ ò tó ohun tó máa dààmú ẹnikẹ́ni, ara wa ò sì lè lò ó bí oúnjẹ.

Ìyá oní-tíì ti wọlé látẹ̀yìn, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní, «Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú ṣúgà témi ń tà yìí lè di oògùn?» Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn yìí nínú ọpọ́n ńlá, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń bọ́ bakitéríà náà. Wọ́n ní, «Ẹ ṣé. Owó ẹyọ kan yẹn ńkọ́?» Mo tọwọ́ bọ àpò, ẹgbẹ̀rún kan náírà kan ṣoṣo yẹn náà ló wà níbẹ̀, wọn ò sì tíì ní ṣéńjì. Gbọ̀ngàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wo ojú mi, wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.